Èéfín Asiata Kọ́ Ló Da Ìmọ́lẹ̀ Rú

Iná pupa tún tàn lára ẹ̀rọ orí òrùlé báńkì ní Ìgbẹ̀ìn, àyà Gbémiga sì já. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, òun náà sì lolè tí wọ́n ń wá.

Ẹ̀rọ ọ̀hún ń ta ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín gba ojú òfurufú lọ sí ẹ̀ka báńkì ní Ìbarà. Inú ìmọ́lẹ̀ yìí ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó ń dáàbò bo owó àwọn oníbàárà wà. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú wò ó lọ́nà, kíá ló máa dàrú, iná pupa á sì tàn. Amòòkùn jalè, bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. Gbémiga ti fi dígí kékeré há ẹnu ẹ̀rọ, ó ń bu nínú ìmọ́lẹ̀ náà fún àwọn gbájú-ẹ̀ kan ní Ìtòrí. Bí iná pupa bá ti tàn, á ní èéfín Asiata ni, ìyá aláró tó ń se omi lẹ́yìn báńkì láti yọ àbẹ́là tó fi ya àwòrán kúrò lára àdìrẹ.

Ni báńkì bá ní kí Asiata kó kúrò. Obìnrin tó fún Gbémiga ní yàrá nígbà tó kọ́kọ́ dé láti Owódé! Ó bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọmọ mi, bá mi bẹ̀ wọ́n." Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ti Gbémiga, kò gba ẹ̀yìnkùlé kọjá mọ́.

Christianah, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń wá olè ọ̀hún, gun òrùlé wá.

"Kí ló tún dé?"

"Èéfín ni, mà. Wọ́n ti dáná."

"O fojú rí i?"

"Mo rí i, mà. Ó ń rú tùù."

Christianah fà á dé etí òrùlé. Ààrò tutù, ìkòkò dojú bolẹ̀, àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní.

"Ìyá ẹgbẹ́ aláró kú lánàá. Aláró kankan kì í dáná títí wọn ó fi ṣàdúà ọjọ́ kẹta. Gbogbo Ìgbẹ̀ìn ló ti wá kí wọn, ìwọ nìkan ni o ò gbọ́? Èéfín máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ni. Ojú olè ló ń dà á rú."

Gbémiga sá kọrí sí àtẹ̀gùn. Ọlọ́pàá méjì ló pàdé nísàlẹ̀. Ó jẹ́wọ́, ó dárúkọ àwọn ará Ìtòrí, wọ́n sì kó wọn kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú un gbà. Asiata rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dìde láàárín àwọn tó wá kí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un! Òun ló ń bá mi bẹ báńkì."

"Mi ò bá yín bẹ wọ́n, Mọ́mì," ni Gbémiga wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n lé yín. Wọn ò ní lé yín mọ́."

Asiata ní, "Àlùhámúdùlílááhì." Ó jókòó padà sórí ẹní, ó sì bú sẹ́kún.