Ẹni Tó Mọ Sèínábù

Ní gbogbo Ọjọ́rú tí wọ́n bá ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìlógbò-Èkìtì, Sèínábù ló máa ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́. Ìgbà kan ló yà síbẹ̀ lásìkò ọlidé, kò sì lè fibẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Bó bá ti rí aṣọ funfun tí Nọ́ọ̀sì Akínyẹmí sá sórí okùn lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ọkàn rẹ̀ á fà sí i, á sì yọ́ lọ fọwọ́ kan apá aṣọ náà. Ìyá rẹ̀, Mùtíátù tó ń yan gàrí, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọmọ mi, aṣọ yìí ni yóò fẹ́ ọ."

Sèínábù ti jáde ìwé mẹ́wàá báyìí, ó sì yege. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ohun tó kù ni lẹ́tà ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣebí Nọ́ọ̀sì tí o ń bá ṣe iṣẹ́ ni kó kọ ọ́?" ìyá rẹ̀ bi í.

Sèínábù rántí ọjọ́ tó fi ọwọ́ tí kò fọ̀ mú òwú, tí Nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo ìyálọ́mọ pé, "Jáde! Máa lọ sílé! Ibí kì í ṣe ibi eré." Ẹkún ló sun délé lọ́jọ́ náà. Bí obìnrin yẹn bá mú bírò, ṣé kò ní kọ ọ́ síbẹ̀?

Tòhíbù, àbúrò ìyá rẹ̀, ló dá sí i. "Ta ló mọ nọ́ọ̀sì Ìlógbò? Ẹ jẹ́ ká lọ bá Àlàájì Ajíbádé ní Ìdó. Ẹni tó léèyàn ju ẹni tó lówó lọ."

"Ṣé Àlàájì mọ ọmọ yìí rí?"

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Gbogbo ayé ló mọ Àlàájì!"

Ọ̀rọ̀ Tòhíbù wọ Sèínábù létí. Wọ́n bá èrò rẹpẹtẹ ní pálọ̀ Àlàájì. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Akọ̀wé mi á bá yín tẹ̀ ẹ́." Kò bi í ní orúkọ. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, Nọ́ọ̀sì Akínyẹmí wà níwájú ilé ìwòsàn, ó juwọ́ sí i. Sèínábù fi ojú pamọ́ sẹ́yìn Tòhíbù. Ojú ń tì í.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, obìnrin kan tó wọ awò ojú ka lẹ́tà náà tán.

"Àlàájì ní òun mọ̀ ẹ́ láti kékeré. Kí ló mọ̀ nípa rẹ?"

"Ó ní ọmọ dáadáa ni mí, mà," ni Sèínábù wí. Obìnrin náà mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà. Gbogbo yàrá ló gbọ́ ohùn Àlàájì: "Sèínábù wo? Àwọn ọmọ tó ń gba lẹ́tà lọ́dọ̀ mi pọ̀ o. Ẹ ṣáà bá mi ràn án lọ́wọ́."

Obìnrin náà rọra gbé fóònù sílẹ̀. "Nínú fọ́ọ̀mù rẹ, o ní o máa ń bá wọn gbé ọmọ sórí ìwọ̀n nílé ìwòsàn. Ta ló kọ́ ọ?"

"Nọ́ọ̀sì Akínyẹmí ni, mà."

"Kí ló dé tí kì í ṣe òun ló kọ lẹ́tà?"

Lọ́dún náà, wọn kò mú un.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó wọlé ń kó ẹrù lọ, Sèínábù dúró létí títì, ó ń wò wọ́n. Ó wù ú kó wà láàárín wọn débi pé àyà ń dùn ún. Nígbà tí ọkọ̀ wọn kò hàn mọ́, ilé ìwòsàn ló gbà lọ, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Nọ́ọ̀sì.

"Lọ́jọ́ tí mo juwọ́ sí ọ," ni Nọ́ọ̀sì wí, "mo rò pé ọ̀dọ̀ mi lò ń bọ̀. Mo retí rẹ títí."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí mi ò fọ̀ yẹn."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Màá kọ ọ́ dájú! Màá kọ ọ́ pé mo lé ọ, pé o padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àti pé látìgbà náà, ìwọ lò ń lé èmi gan-an lọ fọwọ́."

Omi bọ́ lójú Sèínábù. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Kò mọ̀ pé Nọ́ọ̀sì ń kíyè sí i.

Ọdún kan gbáko ló tún fi ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, tó ń wo aṣọ funfun lórí okùn. Nígbà tó padà lọ, obìnrin awò ojú ka lẹ́tà tuntun, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lò ń lé nọ́ọ̀sì lọ fọwọ́?" Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan fóònù.

Sèínábù ti wọ funfun báyìí. Bí àwọn ọmọ Ìlógbò bá wá bi í léèrè ta ni kó kọ lẹ́tà fáwọn, èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ẹ má wá ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó mọ̀ yín ni kẹ́ ẹ lọ bá, pàápàá bó bá ti bá yín wí rí."