Ṣéńjì Bàbá Òjó

"Bá mi kà á, ojú mi," ni Bàbá Òjó wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà kan sí Kíkẹ́olúwa. "Ẹni tó gbé e wá ní ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ló ti wá. Ìjọba kì í sì í kọ̀wé síni lásán."

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Ní Zuba, létí ìlú Abuja, àwọn ọkọ̀ tó kó ọsàn ń fun fèrè lọ sọ́nà ọjà èso, wọn ò jẹ́ kéèyàn gbọ́rọ̀ dáadáa. Nínú ọgbà ayálégbé tí Kíkẹ́ àti ìyá rẹ̀ ń gbé, kò sí ẹni tó gba ìwé tí kì í gbé e tọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí wá. Ìwé iná ni o, káàdì ilé ìwòsàn ni o, ìwé tí lándọ́ọ̀dù fi ní kí ẹnìkan kó ẹrù rẹ̀ jáde ni o, òun ló ń kà á, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀. Bí àwọn àgbà bá ti jókòó yí i ká báyìí, orí rẹ̀ á máa wú. Kí n má purọ́, ó ti ń wú jù.

Bàbá Òjó ló fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ nínú ọgbà náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá yìí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan kó tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji èèyàn, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ àfi tí ẹni náà bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń pe Kíkẹ́ ní ojú òun.

Kíkẹ́ ka lẹ́tà náà tán, ó fò sókè. "Bàbá, wọ́n ní owó orí tí wọ́n yọ nínú owó oṣù yín láyé ìgbà yẹn ti pọ̀ jù! Wọ́n ti dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà padà sí báńkì yín!"

Ariwo sọ. Ìyá Kíkẹ́, tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Maitama, ju aṣọ tó ń sá sílẹ̀, ó sáré wá. "Bàbá, Ọlọ́run ò sùn! Dókítà ojú tí mo sọ fún yín níjọ́sí, tó fẹ́ fi owó pọ́ọ́kú ṣiṣẹ́ abẹ fún àgbàlagbà mẹ́wàá, ààyè kan ṣoṣo ló kù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ ni, ojú méjèèjì. Kí ẹ ṣáà ti san án kó tó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé."

Bàbá Òjó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ awakọ̀ ìjọba ni, kò tíì kọjá iná pupa rí láyé rẹ̀. Ó mirí díẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró ná. Ìjọba àpapọ̀ ló dá owó yìí padà. Ṣé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò ní í sọ pé owó wọlé fún mi, kí àwọn bu tiwọn nínú rẹ̀? Ojú mi, kí ni wọ́n wí nípa ìyẹn?"

Lẹ́tà náà kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Kíkẹ́ kò mọ̀. Ohun tó yẹ kó sọ kò ju pé òun kò mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbà ló ń wò ó lẹ́nu, ẹnu tí kò tíì sọ "mi ò mọ̀" rí láti ọdún mẹ́ta. Ó yọ fóònù, ó kọ ìbéèrè náà lédè Òyìnbó, ó ṣí èyí tó kọ́kọ́ jáde. Ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ìpínlẹ̀ lè gba owó orí lórí owó orí tí ìjọba àpapọ̀ bá dá padà. Kò ka ìlà kejì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ìjọba ìpínlẹ̀ máa gba tiwọn."

"Èló?"

"Wọn ò tíì sọ iye rẹ̀."

"Mi ò ní í fọwọ́ kàn án nígbà náà, títí wọ́n á fi wá mú tiwọn."

Nínú gbogbo àgbàlagbà tó wà ní ìjókòó, kò sí ẹni tó rántí bi í pé ìpínlẹ̀ wo gan-an ni Abuja jẹ́. Òyìnbó ló fi kà á, ó ti parí nìyẹn.

Ìyá Kíkẹ́ bẹ Bàbá títí. "Ẹ san ti dókítà ná, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá dé, àádọ́ta ẹgbẹ̀rún ṣì wà nílẹ̀."

"Tí tiwọn bá ju àádọ́ta lọ ńkọ́? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé," ni èsì bàbá. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń gbé àga oníke kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ níwájú ilé ní àràárọ̀, tó ń fi àkísà nù ún, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá dé lè ríbi jókòó sí.

Ní ọjọ́ Túsìdeé, nígbà ìsinmi ní ilé ìwé, Kíkẹ́ tún ṣí ojú ìwé ọjọ́sí lórí fóònù rẹ̀ láti wo iye tí ìpínlẹ̀ máa ń gbà. Ó fara balẹ̀ kà á lọ́tẹ̀ yìí. Owó dọ́là ni wọ́n ń sọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ sí. Ó rí Alabama, ó rí Missouri. Ó wá Kogí, kò sí níbẹ̀. Ó wá Nasarawa, kò sí. Amẹ́ríkà ni ojú ìwé náà ń bá wí, kódà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ó fi han Diméjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní SS2. Diméjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kai! O ti kó Bàbá lọ sí Amẹ́ríkà láìgba físà!"

"Kò pa mí lẹ́rìn-ín, jàre. Ṣé kí n lọ sọ fún wọn?"

"Fún kí ni? Abeg, dákẹ́. Tó o bá sọ ọ́, ta ló tún máa gbé lẹ́tà fún ẹ? Gbogbo compound máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá sú Bàbá, he go spend the money."

Kíkẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dára, ṣùgbọ́n ó bá ohun tó ń wá mu. Ó dákẹ́. Ọjọ́rú, ó dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bó ṣe ń kọjá níwájú Bàbá, bàbá náà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ojú mi, wọn ò tíì wá o. Àbí wọn ò mọ ilé ni?"

"Wọ́n máa wá, Bàbá," ló wí, ó sì yára wọlé.

Ní Fúráìdé, ìyá rẹ̀ ti Maitama dé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó jókòó. Wọ́n ti fi ààyè tó kù fún obìnrin kan láti Mpape. Bàbá Òjó ní kò burú, gbogbo nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Ohùn rẹ̀ kò dún bíi tẹni tó gbà pé kò burú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Kíkẹ́ ń fọ eyín lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ igbe. Bàbá Òjó ló fẹ́ po tíì. Ó da omi gbígbóná, kò bọ́ sínú ife, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ó bọ́ sí. Kíkẹ́ bu omi tútù sáré lọ bá a, ó ki ọwọ́ náà bọ inú rẹ̀. Awọ ọwọ́ ti ń wú. Ẹ̀gbẹ́ wọn níbẹ̀ ni àga oníke wà, ó mọ́ tónítóní, kò sí ẹni tó jókòó sí i.

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbowó. Ìlú Amẹ́ríkà ni ohun tí mo kà ń sọ. Mi ò mọ̀ ọ́n, mo ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Bàbá kọjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń wá. "Ọjọ́ wo lo mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni?"

"Túsìdeé, Bàbá."

"Túsìdeé." Ó tún un sọ ní jẹ́jẹ́. "Fúráìdé la sì ní ká sanwó."

Ì bá tẹ́ Kíkẹ́ lọ́rùn kó gbá a létí. Bàbá kò gbá a létí, kò pariwo. Ó kàn ní, "Mo ní kí o bá mi ka lẹ́tà ni. Mi ò ní kí o mọ ohun gbogbo láyé."

Ìyá Kíkẹ́ gbọ́, inú bí i gidigidi. Àṣẹ ló pa. "Ní Mọ́ńdè, ìwọ lo máa mú wọn lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Èmi á bá ọ̀gá ilé ìwé yín sọ̀rọ̀."

Wọ́n wọ ọkọ̀ láti Zuba lọ sí àárín ìlú, Kíkẹ́ di ọwọ́ Bàbá tí kò jóná mú. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Kúnbi ló dá wọn lóhùn ní ọ́fíìsì náà. Abuja ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò já geere, ṣùgbọ́n ó fún Bàbá ní ìjókòó kó tó béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe.

"Bàbá, ẹ má bínú, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Tí ẹ bá ra búrẹ́dì, tí oníbúrẹ́dì gbàgbé láti fún yín ní ṣéńjì, tó wá sáré lé yín bá láti fún yín, ṣé ẹ jèrè ni?"

"Èrè kẹ̀? Ṣéńjì mi ni."

"Yauwa! Ṣéńjì yín ni ìjọba fún yín. Wọ́n ti gba owó orí lórí owó oṣù yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tún lè gbà á lórí ṣéńjì. Tí ẹ bá fi ṣòwò, tí ẹ sì jèrè, ọ̀rọ̀ èrè yẹn la máa jọ sọ. Abuja kì í tiẹ̀ ṣe ìpínlẹ̀, sir."

Bàbá Òjó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Fúráìdé. Ó yí ojú tí kò ríran sí ọ̀dọ̀ Kíkẹ́. "O rí i? Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìbéèrè náà gbà."

Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó dókítà ti parí. Iye tó yẹ kó la ojú méjèèjì, ojú kan péré ló tó. Ọ̀tún ni wọ́n ṣe. Òsì ń dúró de ọjọ́ tí owó míràn á wá, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀, Bàbá wo Kíkẹ́ láti òkè délẹ̀. "Ṣé bí o ti dàgbà tó rèé? Mo ṣì ń rò pé ọmọdé kan ni ohùn yẹn." Kíkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún pọ̀ mọ́ ọn, nítorí ojú tí wọn kò là yẹn ló ń wò.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí, lẹ́tà mìíràn dé, ti owó ìfẹ̀yìntì. Kíkẹ́ rò pé kò sí ẹni tó máa tún fún òun ní lẹ́tà kà mọ́ nínú ọgbà yẹn. Bàbá Òjó fa àga oníke náà jáde, ó fi ọwọ́ tí àpá iná wà lára rẹ̀ nù ún, ó ní kó jókòó. Àwọn aládùúgbò péjọ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ó kà á dé ìdajì, ó kan ọ̀rọ̀ kan tí kò yé e. Gbogbo wọn ń wò ó lẹ́nu. Fóònù wà nínú àpò rẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "mi ò mọ èyí."

Àwọn kan wo ara wọn. Bàbá Òjó kàn mi orí. "Ó dára. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lọ́la, èmi pẹ̀lú rẹ á lọ béèrè. Máa kà á lọ, ojú mi."

Kíkẹ́ ń kà á lọ. Ó ti wá mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn má mọ nǹkan. Ẹni tó bá díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n, tó wá rí òótọ́ tán tó tún dákẹ́, ẹlòmíràn ló máa ń sanwó rẹ̀. Ojú òsì Bàbá Òjó ló san tirẹ̀.