Ẹni Tó Dí Omi Lunhiti

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, omi Lunhiti kò dà mọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò Bhansikhel tò síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò bàbà wọn, wọ́n ń wo ẹnu òkúta tí omi ti ń jáde láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ẹnu náà gbẹ táútáú.

Kí oòrùn tó mú, ariwo ti gba àdúgbò kan. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ọgọ́rùn-ún ilé sórí oko ìrẹsì wọn ti gé ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀. Sange Ghalan, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, wà nídìí ẹ̀rọ tó fi ń lu ilẹ̀ nígbà tí wọ́n dé bá a. Òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ sọ lù ú, igi ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, àgbọ̀n rẹ̀ ti fọ́, ojú rẹ̀ kan sì ti wú dí.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún Ìnsípẹ́kítọ̀ Bhawani Rajthala; ọsibítù ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn ọlọ́pàá ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Sange mọ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá ba irú omi bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Phulmaya ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Wọ́n lù ú tán, wọ́n tún dè é. Ṣé ẹni tí ò lè jẹnu ló fẹ́ sá lọ?"

Bhawani rí abọ́ ìrẹsì rírọ̀ kan lórí tábìlì. "Ta ló gbé èyí wá?"

"Bàbá kan láti Bhansikhel ni, Tirthalal. Ó ń wá lójoojúmọ́. Kì í jókòó. Á wo ọkọ mi, á sì jáde."

Orí oko ni wọ́n kọ́ ilé tí Bhawani fúnra rẹ̀ ń gbé sí. Omi kan wà nítòsí ibẹ̀ rí, kò sì béèrè rí ohun tó gbẹ ẹ́.

Ó bá Asamaya Dangol, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Bhansikhel, lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ níbi tó ti ń bó aáyù.

"Ìyá, ta ló kọ́kọ́ sọ òkúta?"

"Ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀, Ọ̀gá."

"Ọwọ́ àkọ́kọ́ ni mo béèrè."

"Ẹ lọ bi àwọn olówó yẹn! Ọgọ́rùn-ún ilé, kí ni wọ́n fẹ́ máa mu? A lọ sípàdé wọn, wọ́n fún wa ní bísíkítì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Bísíkítì ọ̀hún gan-an ti rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó sọ aáyù tó ti bó sínú èèpo.

Ẹ̀rín ni Prajwal Adhikary, ọ̀gá Sange ní ilé-iṣẹ́ náà, fi pàdé Bhawani. "Màdáàmù, ìsàlẹ̀ Lunhiti ni Sange ti ń lu ilẹ̀. Òkè ni omi wọn ti ń bọ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ gé e?"

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n ń lù ú?"

"Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni."

"Ṣé ẹ ti lọ kí i?"

Ó ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí òun ráyè.

Tirthalal ni olórí guthi, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ìdílé tó máa ń fọ ọ̀nà omi náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bàbá náà kò jẹ́ kí Bhawani sọ̀rọ̀ tán.

"Ìgbà wo lẹ máa tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀? Kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

"Ta ló wá ṣe é, Bàbá?"

"Ṣé èmi ni ọlọ́pàá ni?" Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Bhawani gòkè lọ, ó ń tọ ipa omi náà títí ó fi wọ inú oparun. Níwájú òkúta pẹlẹbẹ kan ló ti rí ewé tí wọ́n bu ìrẹsì àti àtíkè pupa sí. Wàrà ti gbẹ mọ́ ọn. Ó ní kí àwọn ọlọ́pàá gbé òkúta náà. Amọ̀ dúdú ló kún ihò abẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele bí ẹni ń mọ ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, ìjọba ṣe ìpàdé láti gbọ́ tẹnu àwọn ará àdúgbò lórí ọgọ́rùn-ún ilé náà. Àgbàlá kún fọ́fọ́. Bhawani gbé ewé àti amọ̀ náà ka orí tábìlì.

"Sange kọ́ ló dí omi yín," ó wí. "Amọ̀ yìí ló dí i, lókè, níbi tí Sange ò dé. Àwọn guthi nìkan ló mọ òkúta tó ṣeé gbé. Ẹ wá wo ewé yìí. Ẹni tó dí omi kọ́kọ́ fi èyí bọ ejò tí ẹ gbà pé ó ni omi, ó tọrọ àforíjì. Ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́ pátápátá ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Gbogbo èèyàn ń wo ara wọn.

"Gbogbo Bhansikhel ló ní Sange jẹ̀bi. Ẹnì kan péré ló sọ fún mi pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òun náà ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Bàbá Tirthalal, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Bàbá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ dí i. Mo ní kí ìjọba fojú rí ohun tí a máa rí títí ayé tí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ yẹn. Inú oparun ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ igbe Sange." Ó fọwọ́ bojú. "Mi ò jáde. Mo ní tí wọ́n bá gbà pé ilé-iṣẹ́ ló ṣe é, oko wa á bọ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè ṣí i."

Bhawani rán ọlọ́pàá kan sí ọsibítù pé kí wọ́n tú Sange sílẹ̀.

Prajwal fò dìde. "Ó parí! Irọ́ ni gbogbo ẹjọ́ wọn!"

Tirthalal ní, "Èmi ni mo parọ́. Ohun tí à ń bẹ̀rù ò kúrò níbẹ̀."

"Ó ku ẹni tó fọ́ àgbọ̀n Sange," ni Bhawani wí.

Asamaya dìde. Ọkọ rẹ̀ fà á láṣọ, ó já aṣọ náà gbà. Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn náà dìde.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń darí ìpàdé bi Bhawani bóyá kí wọ́n tú ká.

"Rárá," ó wí. "Wọ́n ṣì ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ."

Asamaya rìn lọ síwájú. "Mo fi òkúta fọ́ èèyàn lẹ́nu," ó wí. "Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ ná, kí n tó sọ ti oko."