Ẹni Tó Dáhùn ní Sakété

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kọ̀ǹpútà mi sọ fún mi pé òun kò mọ ẹni tó dáhùn ní Sakété.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Pobè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń fi àwòrán inú ara àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́. Àṣírí ni, nítorí náà SSH, ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ láàárín kọ̀ǹpútà méjì, la fi ń la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ fún un: láti Pobè dé kọ̀ǹpútà tó wà nílé Bàbá Fáṣínà ní Sakété, láti ibẹ̀ dé Àjàṣẹ́. Àwọn ará Àjàṣẹ́ kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá gba Sakété wá. Bàbá Fáṣínà fúnra rẹ̀, tó máa ń bójú tó kọ̀ǹpútà náà, ti kú. Ọjọ́ kẹjọ rèé tí a sin ín, n kò sì tíì fi àwòrán kankan ránṣẹ́ láti ìgbà náà.

Àwòrán inú orí Chancelle, àbúrò mi, tí a yà ní Pobè, ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Alùpùpù ló gbá a lọ́nà Igana. Wọ́n ti gbé e dé Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n dókítà ní òun kò ní fọwọ́ kan orí rẹ̀ láìrí àwòrán. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ara mi lọ.

Kọ̀ǹpútà kìlọ̀: kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ ẹni tó dáhùn yìí yàtọ̀ sí èyí tí mo mọ̀, ṣé kí n gbà á? Nílé wa, a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Mo pa kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́, mo tẹ oui, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìlà kan yọ: Fáṣínà ló wọlé kẹ́yìn, lónìí, ní aago mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, mo fi àwòrán ránṣẹ́. Àwòrán tó máa ń gba ogún ìṣẹ́jú kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo pe Ìyá Berthe, ìyàwó olóògbé.

"Ìyá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ta ló wà nídìí kọ̀ǹpútà Bàbá?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Prudence, kò sẹ́nì kankan o. Láti ọjọ́ ìsìnkú la ti yọ ọ́ kúrò níná. Mo ti faṣọ bò ó."

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, dókítà pè láti Àjàṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn.

"Àwòrán ti dé, mèsí. A ti fẹ́ gbé Chancelle wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Bàbá tí ẹ rán sí wa náà ti dé."

"Bàbá wo, Dókítà?"

"Ará Sakété ni. Ó di ọwọ́ àbúrò yín mú. Ó ní òun béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ sì ní kí òun máa mú un lọ."