Ta Ló Pa Ṣimṣir Vidosav?

Ikú tó kọ́kọ́ wọ agbo ilé Vidosav lọ́dún náà kì í ṣe ti ènìyàn. Ṣimṣir ló kú, igi kúkúrú tí wọ́n fi ṣọgbà yí iwájú ilé ká láti ayé Milutin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olóògbé. Òtútù kò rí i gbé ṣe rí, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó gbẹ bíi pòròpórò àgbàdo. Vidosav dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Ohun tó dùn ún jù ni pé àwọn tó ń kọjá lójú títì ń rí i.

Kò pẹ́ tí oyún bọ́ lára Smilja, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹnu abúlé kò wá gbé jẹ́ẹ́ mọ́.

Bílẹ̀ bá ti ṣú, àfòpiná funfun á máa jó yí iná ẹnu ọ̀nà ká. Ní Serbia, ta ni kò mọ̀ pé bí àjẹ́ bá sùn, ẹ̀mí rẹ̀ á gba ẹnu jáde bí àfòpiná?

"Ẹ mú ọ̀kan," ni Persida, ìyàwó Vidosav, wí.

Vidosav mú un, ó fi iná jó ìyẹ́ rẹ̀, ó jù ú síta. "Wá lọ́la, kí n fún ọ níyọ̀!"

Àṣà àwọn baba wọn ni: obìnrin tó bá wá tọrọ iyọ̀ lọ́jọ́ kejì, tí iná sì ti jó o, òun ni àjẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Stamena, opó Milutin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, wọlé tòun tàwo. "Persida, bá mi wá iyọ̀ díẹ̀." Iná ti bó o níka.

Kò sẹ́ni tó rántí pé oṣù kẹsàn-án ni, pé gbogbo obìnrin abúlé ló ń yan tàtàṣé, tí wọ́n ń fiyọ̀ dì í sínú ìgò de ìgbà òtútù. Ìka Persida fúnra rẹ̀ ti lé ròrò.

"Ìyálé mi! Ẹ jẹ oyún tán, ẹ tún jẹ ewé!" ni Persida pariwo.

"Ewé ṣimṣir?" ni Stamena bi í. "Ó mà korò. Ewúrẹ́ gan-an kì í jẹ ẹ́."

"Ẹ kó ẹrù yín lọ́la," ni Vidosav wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Yàrá yẹn ni Milutin kú sí. Stamena kò ní òmíràn láyé. Síbẹ̀ kò jà, kò sunkún. Ó lọ yí ata tó kù lórí iná padà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn katakata. Kí wọ́n má bàa pe Vidosav níkà, ó ti ránṣẹ́ pe Ìyá Florika, aríran kan láti orí òkè, kó wá jẹ́rìí lójú gbogbo àdúgbò. Wọ́n tan àbẹ́là dè é. Florika kò wo àbẹ́là. Inú ṣimṣir ló ti orí bọ̀.

"Ẹ fún mi láwo funfun."

Ó gbọn ẹ̀ka kan. Kòkòrò aláwọ̀ ewé tó ní ìlà dúdú já sínú àwo, tòun ti òwú bíi ti aláǹtakùn.

"Àjẹ́ yín rèé, ẹ kà wọ́n níye. Wọ́n á jẹ ewé, wọ́n á họ èèpo. Bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á di àfòpiná, wọ́n á yé ẹyin sábẹ́ ewé."

"Oyún ìyàwó wa ńkọ́?" ni Persida bi í.

"Oyún máa ń bọ́, ọmọ mi. Ẹ mú ìyàwó náà lọ sọ́dọ̀ dókítà." Ó nawọ́ sí ṣimṣir méjì tí wọ́n gé róbótó sínú ìkòkò lẹ́nu géètì. "Ìdí àwọn yìí lòwú ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló rà wọ́n?"

Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Látìgbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni Vidosav ti ń ròyìn igi méjì tó rà nílùú ńlá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó fa Florika sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, ẹ ò ṣe sọ pé ẹ̀mí burúkú kan ló kọjá?"

"Mo lè sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò wálẹ̀ rárá. "Kòkòrò ni ò ní gbọ́. Ẹ gé ẹ̀ka tó kú, ẹ sun ún. Ẹ fọwọ́ ṣa èyí tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ fọ́n oògùn kòkòrò ajẹwé wọ inú igi lọ́hùn-ún nírọ̀lẹ́, kì í ṣe òkè ewé nìkan. Bí òmíràn bá yọ, ẹ tún un fọ́n."

Stamena ti jókòó sórí ẹrù rẹ̀ nínú katakata.

"Ìyálé, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Persida wí, ó ń wo ilẹ̀.

"Ta ló máa gbé ẹrù?" ni Stamena bi í.

Àdúgbò yíjú sí Vidosav. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gun katakata, ó gbé bẹ́ẹ̀dì opó náà lé ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba àárín wọn kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Stamena ń tẹ̀ lé e. Kò rẹ́rìn-ín.

"Má fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà," ló wí. "Gbé e dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀."