Aago Tó Já Bọ́ Lọ́wọ́ Mi

"Ó dọ́gba," ni Hafiz wí, ṣùgbọ́n ó fa ojú ro.

Abẹ́rẹ́ aago méjì tó fi ń wọn atẹ́gùn wà lójú kan náà lóòótọ́. Síbẹ̀, alùpùpù náà ń gbọ̀n jìgìjìgì. Kábúrétọ̀ méjì ló ní, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fa atẹ́gùn dọ́gba kí ẹ́ńjìnnì tó lè rọlẹ̀. Ìdánwò tí Hafiz máa fi gba òmìnira iṣẹ́ nìyẹn, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ní ìsọ̀ Ọ̀gá Akíndé ní Kétu. Bí kò bá yege, ó di ọdún mìíràn. Ìyá rẹ̀ ti ti Odomèta wá, ó gbé ike àtíkè tí wọ́n máa dà lé ọmọ rẹ̀ lórí bó bá yege sórí itan.

Èmi, Rosalie, ọmọ iṣẹ́ ọdún kejì, ni mo ń ràn án lọ́wọ́. Ẹnu mi kì í sinmi, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ìdánwò náà, ọ̀kan nínú aago náà já bọ́ lọ́wọ́ mi sórí sìmẹ́ńtì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Kutọnu ni Ọ̀gá ti rà á, ojú ló sì fi ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo ṣí gíláàsì rẹ̀, mo fi píìnì dá abẹ́rẹ́ padà sórí òdo, mo dé e padà. Mo rò pé mo gbọ́n! N kò mọ̀ pé ìgbà tí aago bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni irọ́ rẹ̀ máa jáde.

"Ṣé o ti parí?" Ọ̀gá Honoré ló bi í, ẹni tó wá láti Pobè láti dán an wò.

"Pàtírọ̀ọ́n," ni Hafiz fi dá ọ̀gá náà lóhùn, "etí mi kò gba ìró ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹ jẹ́ kí n lo rọ́bà mi."

Rọ́bà oníhò gígùn kan tí a ń rí inú rẹ̀ ni, Hafiz ló rọ òróró sínú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kan á wọ kábúrétọ̀ kìíní, ẹnu kejì á wọ èkejì. Èyí tó bá ń fa jù ni òróró máa gùn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Honoré rẹ́rìn-ín. "Aago gidi wà lọ́wọ́ rẹ, o ń wá rọ́bà? Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún."

Hafiz yíjú sí mi. "Rosalie, kò sí nǹkan tó ṣe aago yìí, àbí?"

"Kò sí."

Ó gbà mí gbọ́, ó tún tẹ̀ síwájú. Ìyá rẹ̀ ń ṣe àdúà lábẹ́lẹ̀. Ògiri wà lẹ́yìn mi, alùpùpù wà níwájú mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Ọ̀gá Akíndé lè lé mi. Bí mo bá dákẹ́, Hafiz ló máa jìyà. Ìtìjú bò mí.

Ọ̀gá Honoré ṣí bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀ láti kọ èsì.

"Ẹ dúró!" ni mo kígbe. "Aago yẹn ń parọ́. Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ṣé torí kí ọ̀rẹ́ rẹ lè yege lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀?" ni Ọ̀gá Honoré bi mí.

"Ẹ fi aago méjèèjì wọn kábúrétọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Aago kan fi ogún hàn, èkejì fi mẹ́rìndínlógún hàn.

Hafiz gbé rọ́bà rẹ̀ wá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí ìdè tó ń ṣàkóso atẹ́gùn kábúrétọ̀ títí òróró fi dọ́gba, ẹ́ńjìnnì sì rọlẹ̀. Ọ̀gá Honoré kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege. "Alihamudulilahi!" ni ìyá rẹ̀ ké, ó da àtíkè lé e lórí.

Ọ̀gá Akíndé kò lù mí. "Oṣù mẹ́fà ni mo fi kún ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ. Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ èmi náà rí. Ṣùgbọ́n ìwọ tún un ṣe kó lè tàn wá jẹ."

Hafiz dé ọ̀dọ̀ mi, àtíkè kún ojú rẹ̀. "Mo bi ọ́," ló wí. "Mo bi ọ́, o ní kò sí." Ó yí padà lọ bá ìyá rẹ̀.

Hafiz ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Idigny báyìí, mo sì máa ń lọ ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́wọ́ àṣìṣe yín lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Ìbáwí ọjọ́ kan péré ni ì bá jẹ́ fún mi. Oṣù mẹ́fà náà ti parí, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá na irinṣẹ́ sí Hafiz, á dúpẹ́, á sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lò ó.