Jákẹ́ẹ̀tì Kẹtàdínlógún

Tómisìn fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn àyà jákẹ́ẹ̀tì náà, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fa okùn àwọ̀n kó tó gbé e sínú ọkọ̀, okùn náà sì já sí i lọ́wọ́. Ó yí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì náà wò kó lè rí nọ́ńbà rẹ̀. Ó jókòó sórí pákó èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: "Kẹtàdínlógún, ti ọmọdé. Okùn àyà ti já. Kò ṣeé wọ̀."

Olúwatómisìn ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kò tíì pẹ́ tó jáde nílé ìwé girama tó fi ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ àwọn jákẹ́ẹ̀tì tí èrò ń wọ̀ wò, àwọn tó yẹ kó gbé èèyàn léfòó bí ó bá já sómi. Nehemiah bàbá rẹ̀, ará Ìlàjẹ ni, apẹja látìgbà èwe. Ọmọ tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tọ́ kò ní ṣàìmọ okùn tó lè gbé èèyàn yàtọ̀ sí èyí tó kàn wà níbẹ̀ fún ẹwà.

Wọn kì í kọ nǹkan sínú ìwé onípépà níbi iṣẹ́ yìí mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, sínú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ní, tí wọ́n ń pè ní Nótì. Ohun tí Tómisìn bá kọ ní Ìpakodò, lójú ẹsẹ̀ ló máa hàn lórí fóònù Bísíríyù awakọ̀ àti ti Rebecca tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àlàájà Mùnírátù tó ni ọkọ̀, Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí kì í ka Nótì lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Tómisìn fẹ́ràn àtimáa rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti di àgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta. Nínú ogójì jákẹ́ẹ̀tì, mẹ́rìnlá ni kò dára, ó sì kọ gbogbo wọn síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ká tó wí ká tó fọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adétòkunbọ̀, máníjà wọn, ti dúró lé e lórí.

"Ìwọ lo kọ mẹ́rìnlá yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Àlàájà máa kà á lówùúrọ̀ ọ̀la. Ó máa ní kí ọkọ̀ má jáde. Nínú ọ̀sẹ̀ Iléyá, nígbà tí gbogbo ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń lọ sílé."

"Ṣùgbọ́n wọn ò dára, sà. Ẹ sì ti ní ẹ máa ra tuntun láti oṣù tó kọjá."

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Lẹ́tà tí mo fẹ́ bá ẹ kọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ńkọ́? Ṣé o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?"

Tómisìn fẹ́ ẹ. Kò sí ohun tó fẹ́ tó o láyé yìí, máníjà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin méjì péré ni wọ́n gbà síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gba ẹnikẹ́ni láìsí lẹ́tà láti ibi tó ti ṣiṣẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, sà?"

"Pa wọ́n rẹ́. Kọ ọ́ pé wọ́n dára."

Ẹ sì wo ọ̀gbẹ́ni yìí o. Fóònù tirẹ̀ wà lápò, Nótì wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ló sì máa gbà á láti ṣe iṣẹ́ ibi tó fẹ́ ṣe. Kò yọ ọ́. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ọmọ ọlọ́mọ bó ṣe ń tẹ fóònù. Rebecca jókòó nídìí tábìlì tíkẹ́ẹ̀tì, kò jìnnà sí wọn ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ti kà tán tẹ́lẹ̀ ló tún ń kà.

Ìgbà mẹ́rìnlá ni Tómisìn pa òótọ́ rẹ́, ìgbà mẹ́rìnlá ló kọ "Ó dára" dípò rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fi òwú so okùn kẹtàdínlógún, ó sì kó gbogbo àwọn tó bàjẹ́ sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní dé ọ̀hún. Irọ́ tó pa fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì gbà á gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, èrò kún èbúté dẹ́nu. Bísíríyù mú Waliyah ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá, ọmọ ọdún méje, ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ẹ̀pẹ́ láti lọ ṣọdún. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì tíkẹ́ẹ̀tì ni Tómisìn wà tó ti rí ọmọ náà tó ń wọkọ̀, tó sì rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kẹtàdínlógún.

Ó la ẹnu. Máníjà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, yíjú sí i, ó kàn ń wò ó. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Tómisìn na ọwọ́ sókè láti dá ọkọ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n ohùn kò tẹ̀lé ọwọ́ náà. Waliyah rò pé ó ń kí òun pé ó dàbọ̀ ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, òun náà sì juwọ́ sí i.

Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi pe Rebecca lórí fóònù. Ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó yanrìn ló sáré kọjá, ìgbì tó gbé dìde sì gbé ọkọ̀ wọn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Waliyah já sómi. Òwú já, jákẹ́ẹ̀tì sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì náà léfòó. Ọmọ ni kò léfòó. Bísíríyù bẹ́ sómi tọ ọmọ rẹ̀, àwọn apẹja méjì tó wà nítòsí ló sì bá a gbé e jáde. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n omi tó mu pọ̀. Ilé ìwòsàn ní Ẹ̀pẹ́ ló ti ṣe Iléyá, bàbá rẹ̀ jókòó tì í, kò fi ẹnu kan ẹran.

Ní Ọjọ́ Ajé, Àlàájà Mùnírátù fúnra rẹ̀ wá sí Ìpakodò, Bísíríyù sì bá a wá. Àlàájà kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un.

"Ta ló yẹ jákẹ́ẹ̀tì yẹn wò?"

Máníjà ti ṣí fóònù rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Lọ́jọ́ náà, ó mọ̀ ọ́n yọ lápò. "Àlàájà, ẹ wo orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tómisìn ni. Èmi kì í yẹ jákẹ́ẹ̀tì wò. Mo fọkàn tán ọmọ yìí bí ọmọ bíbí inú mi ni."

Inú bí Tómisìn. Ọmọ bíbí inú mi. Ọkùnrin tó fi lẹ́tà dẹkùn fún un ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó gba iwájú Àlàájà lọ, ó kúnlẹ̀, ó sì na fóònù rẹ̀ sí i.

"Àlàájà, Nótì kì í gbàgbé ohun tí èèyàn bá pa rẹ́. Ẹ wò ó níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ ọ́ pé okùn já, kò ṣeé wọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ pé ó dára. Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é nítorí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, mo sì rí i lára Waliyah kí ọkọ̀ tó gbéra. Mi ò sọ̀rọ̀."

"Irọ́ ni," ni máníjà wí.

"Kì í ṣe irọ́." Rebecca ló sọ̀rọ̀, láti ìdí tábìlì rẹ̀, kò gbójú sókè. "Mo wà níbẹ̀, Àlàájà. Mo gbọ́."

Àlàájà yíjú sí i. "O gbọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òní lo wá ń fẹnu sọ ọ́. Ọmọ èèyàn mumi yó tán kó o tó rántí pé o ní ẹnu." Rebecca bú sẹ́kún, kò sì sí ẹni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n lé Adétòkunbọ̀ lọ, Àlàájà sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n lé Tómisìn náà. Lẹ́tà kankan ò sí fún un.

Èyí tó dùn ún jù kọ́ nìyẹn. Nígbà tó ń lọ, ó yà sọ́dọ̀ Bísíríyù níbi tó dúró sí lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bísíríyù kò pariwo mọ́ ọn. Ì bá sàn fún Tómisìn kó pariwo. "Ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni mo ti rí i," ó ní. "Nígbà tí mo rí òwú lára okùn rẹ̀, ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé kí n dá a padà. Mo wá wo Nótì, mo rí orúkọ rẹ. Mo ní bó bá jẹ́ Tómisìn ló kọ ọ́ pé ó dára, á dára. Ni mo bá wọ̀ ọ́ fún un."

Kí wọ́n tó yọ Tómisìn kúrò nínú Nótì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún ìlà mẹ́rìnlá náà kọ bó ṣe rí gan-an, orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ra jákẹ́ẹ̀tì tuntun báyìí, ẹlòmíràn ló sì ń yẹ̀ wọ́n wò, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀ pé wọ́n dára. Bísíríyù máa ń kà á. Lẹ́yìn náà, ó máa ń sọ fóònù sápò, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn ogójì jákẹ́ẹ̀tì níkọ̀ọ̀kan, èrò á sì máa kùn pé ó ń fi àkókò àwọn ṣòfò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí a jọ ń ṣe, ìgbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara wa ló gbé e dúró. Bí ẹni tó jù yín lọ bá ní kí ẹ fi ọwọ́ yín kọ irọ́, ẹ kọ̀ fún un, lẹ́tà yòówù kó fi tàn yín. Ẹnì kan wà níbì kan tó máa ka ohun tí ẹ kọ, tó máa rí orúkọ yín níbẹ̀, tó sì máa tìtorí rẹ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì fún ọmọ rẹ̀.